Rìsíìtì Ẹbí àti Sọ́fè Kò Tó Láti Fi Ra Ilẹ̀ Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ní Ìkòròdú ní rìsíìtì ẹbí àti sọ́fè, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹ lè sanwó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san án.

Lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ méjì ni èmi ti ra ilẹ̀ ilé ìkẹ́rùsí mi ní agbègbè yẹn. Wọ́n kọ rìsíìtì fún mi, a sì jọ mu ọtí. Kò pé ọdún kan tí olórí ẹbí fi dé pẹ̀lú àwọn àgbà ilé, tó ní òun kò mọ̀ sí i. Lọ́yà tí mo sáré bá ló là mí lóye pé ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí bá tà láìfi ti àwọn olórí ojúlé ṣe, kóòtù lè fagi lé e, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ọmọ ilé bá tà lẹ́yìn olórí ẹbí, kò tilẹ̀ di títà rárá lójú òfin. Mo tún owó san kí n tó lè mọ ọgbà.

Ní ti sọ́fè, ààlà ló ń fi hàn, kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ fún yín báyìí ni pé ẹ lè gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa, kí wọ́n wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Èmi sanwó tán kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀; orí ló bá mi ṣe é tó fi jẹ́ pé ìjọba ti yọ̀ǹda tèmi fún abúlé tó ni ín nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìwé ìkéde ìjọba.

Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ìdí nìyẹn tí C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ tí gómìnà ń fúnni, fi máa ń ní iye ọdún, tó sábà máa ń jẹ́ 99. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pé a ó fi ilẹ̀ náà ṣe. Ẹni tó bá mi fi ìwé tèmi sílẹ̀ kọ ọ́ pé ibùgbé ni, àtúnṣe rẹ̀ sì dá mi dúró pẹ́. Bí ẹ bá wá rí ilẹ̀ mìíràn tí ẹni tó ń tà á ti ní C of O tirẹ̀, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà lórí ìwé títà náà, nítorí pé láìsí i, òfin kò ka títà náà sí.

Bí olórí ẹbí bá ti dàgbà kọjá ẹni tó ń jáde, ẹ lọ bá a nílé pẹ̀lú lọ́yà yín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń tẹ̀ka sí ìwé títà ilẹ̀ náà.