Ṣé a lè dáwó jọ lórí Kickstarter fún fíìmù ẹ̀fẹ̀ olórin tó ń sín fíìmù mìíràn jẹ, tí èrè rẹ̀ máa lọ fún ilé ọmọ òrukàn l'Ógbómọ̀ṣọ́?

Rárá o. Kickstarter kì í gbà kí a fi ojú-òpó rẹ̀ dáwó fún iṣẹ́ àánú, Nàìjíríà kò sì sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti lè gbé iṣẹ́ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí owó àánú wọ àkáǹtì ilé ọmọ òrukàn náà tààrà. Ẹ má pò ó mọ́ owó tí ẹ máa fi ya fíìmù láé, kí ẹni tó ń dáwó mọ ibi tí tiẹ̀ ń lọ.

Ní ti fíìmù tí ẹ fẹ́ sín jẹ, Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, abala 20, fàyè gba irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ohun tí ẹ mú lò bá mọ níwọ̀n. Orin ló ń bà mí lẹ́rù jù: pé ẹ yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà kò sọ ohùn rẹ̀ di tiyín. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ olórin, tàbí kí ẹ bẹ àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó mọ orin kọ kí wọ́n ṣe tuntun fún yín. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Kí ẹ tó fi han àwùjọ, ẹ gbé e lọ fún NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò.