Bí ẹ ṣe lè kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ìtòkú nípa àròjù

Ẹ kú akitiyan, àǹtí mi. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ìyá aládìrẹ Ìtòkú jọ, kí ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè fara da ìdààmú ọkàn, ẹ sì ń bèèrè ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ni. Tí kò bá fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Ẹ má sì pè é ní ẹ̀kọ́ àrùn ọpọlọ o. Ní Abẹ́òkúta níbí, Aro, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ló máa sọ sí wọn lọ́kàn, wọ́n á sì sá. Ẹ sọ pé ọ̀rọ̀ àròjù àti àìróorunsùn ni.

Èèyàn 12 sí 15 ti tó, wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún ó kéré tán. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo kì í dúró. Ohun tí kò bá tíì mọ́ èèyàn lára, kò lè rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí agbowó gbọ́mú-lé-lántà bá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Mímí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nídìí ìkòkò aró, torí òórùn kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró máa ń ta nínú imú. Kí wọ́n jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ọwọ́ kan láyà, ọwọ́ kan níkùn. Kí wọ́n fi imú fa èémí sínú bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 4, kí wọ́n rọra tú u síta bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 6. Títú síta ló gbọ́dọ̀ gùn jù, torí ìgbà yẹn ni ọkàn máa ń dẹwọ́ nínú lílù. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ojú yín ò gbọ́dọ̀ kúrò léjìká wọn: ẹni tí èjìká rẹ̀ bá ń gòkè, àyà ló fi ń mí, ọwọ́ tó wà níkùn ló yẹ kó máa ròkè rodò. Tí ẹnì kan bá ní òòyì ń kọ́ òun, tàbí ètè òun ń ṣe yìnrìnyìnrìn, ó ti mí jù nìyẹn. Kó ṣíwọ́ kíkà, kó máa mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, kí kálukú mú wàhálà kan tí ọwọ́ rẹ̀ ká. Owó aró tó wọ́n ò sí lára ẹ̀. Gbèsè tí oníbàárà jẹ ẹ́ wà lára ẹ̀. “Màá bá a sọ̀rọ̀” ò tó. “Lọ́jọ́rú, kí n tó pàtẹ, màá pè é, màá ní kó máa san ẹgbẹ̀rún méjì lọ́sẹ̀”: irú èyí ni kí ẹ gbà lẹ́nu wọn.

Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ jù ni kí a máa fipá mú èèyàn rojọ́ láàárín àwùjọ. Ìsọ̀ fara kan ìsọ̀ ní Ìtòkú. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti kárí ọjà, onítọ̀hún ò sì ní padà wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Ẹni tó bá ní ayé sú òun, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í kó o sí i lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Aro náà ni kí ẹ mú un lọ. Tí ẹ̀rù bá ń bà á, ẹ sọ fún un pé nígbà Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ tó darí ibẹ̀ láwọn ọdún 1950, àwọn aláìsàn ibẹ̀ máa ń gbé láwọn abúlé tó yí i ká pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Kí ẹbí rẹ̀ kan bá yín lọ, kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan àgbo.