Ìlérí Ọlọ́run Nígbà Tí Ọdún Ń Gorí Ọdún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Aṣọ ni mò ń tà ní agbègbè Ọjà Ọba ní Òṣogbo níbí. Láti ìgbà tí ọmọ mi ọkùnrin ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, kò tíì rí iṣẹ́ tó bá ìwé tó kà mu. Mo kọ Jeremáyà 29:11, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé èrò àlàáfíà lòun ń rò sí àwọn èèyàn òun, sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, màá gbọ́wọ́ lé e, màá sì kà á sókè. Ọdún ń gorí ọdún, nǹkan kan kò yí padà. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa ní iyèméjì ló wà lọ́kàn mi. Ní báyìí, ọ̀gá kan tó ń ṣe iṣẹ́ iná sólà fẹ́ gba ọmọ náà kó wá kọ́ṣẹ́, wọ́n tún ní bó bá lọ, àwa la fọwọ́ ara wa kọ ìlérí sílẹ̀. Ṣé ìlérí yẹn kì í ṣe tèmi ni, àbí ìgbàgbọ́ mi ló kéré? Èmi, ìyá oníṣòwò kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá wa. Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ yín, ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ tó ṣáájú èyí tó wà lára páálí náà. Lẹ́tà ni orí 29 yẹn. Jeremáyà kọ ọ́ láti Jerúsálẹ́mù sí àwọn tí Nebukadinésárì ti kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì, ẹsẹ 10 sì sọ ọ́ gbangba pé ó di ẹ̀yìn 70 ọdún kí Olúwa tó mú wọn padà. Ẹni tó ti dàgbà nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà náà kò ní fojú rí ìpadàbọ̀ yẹn. Síbẹ̀, àwọn gan-an ni Ọlọ́run sọ fún pé èrò àlàáfíà lòun ń rò sí wọn.

Ní orí 28, Hananáyà, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì, ti sọ fún àwọn èèyàn pé láàárín ọdún 2 péré ni Ọlọ́run yóò ṣẹ́ àjàgà ọba Bábílónì. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dùn ún gbọ́ ju ti Jeremáyà lọ, ó sì dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Olúwa kò rán an. Mo bẹ̀ yín, ẹ rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń dá ọjọ́ fún Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín.

Dáníẹ́lì, tí wọ́n kó lọ nígbà èwe rẹ̀, ti dàgbà kó tó sọ fún wa ní orí 9 ìwé rẹ̀ pé inú ìwé lòun ti rí iye ọdún tí Olúwa sọ fún Jeremáyà. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó kà á tán ni kí ẹ kíyè sí. Kò bá Ọlọ́run jà bí ẹni tó ń sin gbèsè. Ó gbààwẹ̀, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ àti ti àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kì í ṣe nítorí òdodo àwọn bí kò ṣe nítorí ọ̀pọ̀ àánú Ọlọ́run. Bí a ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí nìyẹn: a ó ka ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, a ó mọ ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún, a ó sì gbé e padà tọ Ẹni tó sọ ọ́ lọ nínú àdúrà. Láti 1884 ni odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa, iṣẹ́ ńlá tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Kò sídìí tí onígbàgbọ́ kan yóò fi máa gbára lé kìkì ẹsẹ tí ẹlòmíràn já fún un.

Ti pé ìgbàgbọ́ yín kéré, n kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni ọdún 75 ni Ábúráhámù nígbà tó jáde kúrò ní Háránì, ó sì di ẹni 100 ọdún kí wọ́n tó bí Ísáákì fún un. Láàárín rẹ̀, ó gba àbá Sárà ìyàwó rẹ̀ pé kó bímọ nípasẹ̀ Hágárì, ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí Ọlọ́run tún ìlérí ọmọ náà sọ. Síbẹ̀ náà, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Róòmù 4 pé ó dá a lójú pé Ọlọ́run lè ṣe ohun tó ṣèlérí. Baba inú Máàkù 9 sunkún wí pé, "Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́," Jésù kò sì lé e padà, ó wo ọmọ rẹ̀ sàn.

Ìlérí náà jẹ́ tiyín nínú Kristi, nítorí 2 Kọ́ríńtì 1:20 sọ pé nínú rẹ̀ ni gbogbo ìlérí Ọlọ́run ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ n kò ní tàn yín: kò síbi tí Bíbélì ti ṣèlérí irú iṣẹ́ kan pàtó fún ọmọ yín ní ọdún kan pàtó. Ohun tó ṣèlérí, tí ẹ lè fi gbogbo ara tì lónìí, ni pé Òun kò ní fi yín sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kọ̀ yín sílẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ sólà, lẹ́tà Jeremáyà kan náà ti dáhùn. Ní ẹsẹ 5 sí 7, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ fún àwọn tó ń retí ìpadàbọ̀ pé kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin ọgbà, kí wọ́n sì máa wá àlàáfíà ìlú tí wọ́n wà. Kò ka ilé tí wọ́n kọ́ sí àìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá náà bí ìkọ́ṣẹ́ yóò ṣe gùn tó, kó sì bá a fi àdéhùn sí i pé bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbòmíràn, yóò yọ̀ǹda rẹ̀.