"Ashamed" tàbí "embarrassed": èwo ni kí n kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá tíṣà. Mo pẹ́ dé ìpàdé kan níbi iṣẹ́, mo wá kọ lẹ́tà àforíjì sí ọ̀gá mi pé "I am ashamed". Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní "embarrassed" ló yẹ kí n kọ. Ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ni?

Ìdáhùn: Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ojú ń tì mí" la máa ń fi sọ méjèèjì. Ẹni tó bá ní òun "ashamed", ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi. Ẹni tó ná owó ẹgbẹ́ lè dá wà nínú yàrá rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà ṣì máa jẹ ẹ́ lọ́kàn, kódà bí àṣírí kò tíì tú. "Embarrassed" ní tirẹ̀ sábà máa ń fẹ́ òǹwòran. Gèlè yín tú níbi tí ẹ ti ń jó níwájú olórin: ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ojú á gbà yín tì. Ká ní kò sẹ́ni tó rí i ni, ẹ ó kàn tún un wé ni.

Nítorí náà, ohun tó mú yín pẹ́ ló máa pinnu. Bó bá jẹ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí Third Mainland ni, tí gbogbo wọn wá yíjú sí yín bí ẹ ṣe ń ṣílẹ̀kùn, "embarrassed" ti tó. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà, tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ padà sùn, "ashamed" ló tọ́ sí i.

Ibi tó ti máa ń dojú rú fún àwa ọmọ Nàìjíríà ni "he embarrassed me". Ohun tí a sábà ní lọ́kàn ni pé onítọ̀hún wọ́ wa nílẹ̀ ní gbangba. Létí ará Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ náà kì í sábà le tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tó fi fọ́tò ìgbà ọmọ-ọwọ́ han àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ náà ti ṣe é nìyẹn. Bí ẹ bá ń kọ̀wé fẹjọ́ sùn wọ́n pé ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi yín ṣẹ̀sín lójú èrò, "humiliated" ni kí ẹ lò, kí wọ́n má baà fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ má sì kọ "I am shameful" o. Ìwà la sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. "Of" ló ń tẹ̀lé "ashamed". "About" tàbí "by" ló ń tẹ̀lé "embarrassed". Ẹ ka lẹ́tà inú rẹ̀ dáadáa: "r" méjì, "s" méjì. Ibẹ̀ ni bíírò pupa mi ti máa ń tán.