Láàárín ọjà títà àti iṣẹ́ ilé: báwo ni mo ṣe lè kàwé fún ìdánwò nọ́ọ̀sì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Krẹ́díìtì márààrún mi ti pé nínú WAEC. JAMB ku ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn náà ni ìdánwò ti ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n màmá mi ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù láti aago 8 àárọ̀ di aago 6 ìrọ̀lẹ́, kí n tó wá dáná. Òru nìkan ló ṣẹ́ kù fún mi. Mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má bàa gbé mi lọ, síbẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́, n kì í rántí ohun tí mo kà. Físíìsì ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe pín àkókò mi?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú ìgbìyànjú. Da omi tútù yẹn nù lálẹ́ òní. Nínú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà sípò, tí ó ń jẹ́ kó dúró. Bí o ṣe ń lé oorun lọ ni ìwé tí o kà ń bá a lọ. Orí rẹ pé dáadáa. Oorun ni kò tó. Sùn ní aago 9:45 alẹ́, jí ní 4:45. Wákàtí 7 yẹn kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ rárá.

Wo bí ìdánwò náà ṣe rí. Ìbéèrè 180 ni JAMB ní, ìṣẹ́jú 120 ni wọ́n fi ń ṣe é: Gẹ̀ẹ́sì 60, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì 40-40. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Nítorí náà, má fi iye ojú ìwé tí o kà wọn ara rẹ. Iye ìbéèrè tí o lè dáhùn láìwo ìwé ni kí o máa kà.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, má tíì ka ìwé kankan. Ṣe ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí o sì kọ orí-ọ̀rọ̀ tí o ti kùnà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Físíìsì ń dẹ́rù bà mí" kò ṣe é fi sínú ètò. "Mi ò lè ṣírò resistance tí wọ́n bá to resistor mẹ́ta ní parallel" ṣe é fi sí i, àárọ̀ méjì sì lè yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, fi aago 5:00 sí 6:15 òwúrọ̀, Mọ́ńdè sí Sátidé, kọ́ ohun tó le. Alẹ́, 8:30 sí 9:15, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, wà fún àtúnyẹ̀wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, jókòó wákàtí 2 gbáko pẹ̀lú aago, bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní wákàtí 13 lọ́sẹ̀. Má pín in dọ́gbadọ́gba o! Físíìsì àti Kẹ́mísírì ni kó gba òwúrọ̀ mẹ́rin nínú mẹ́fà.

Tí o bá kà á tán, pa ìwé dé, kí o kọ ohun tí o rántí sórí pépà. Padà sí orí-ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti fi hàn bí ohun tí a kọ́ ṣe ń yára ṣí kúrò lọ́kàn tí a kò bá padà sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù, má gbìyànjú ẹ̀kọ́ tuntun, oníbàárà kò ní jẹ́. Kọ ìbéèrè sára pépà kékeré, ìdáhùn lẹ́yìn: bí AS bá fẹ́ AS, ìdá mélòó nínú mẹ́rin ni SS? (Ìdá kan ni, nínú oyún kọ̀ọ̀kan.)

Ètò yìí kò sì lè dúró láìsí ẹ̀gbọ́n màmá rẹ. Yan ìgbà tí ara bá tù wọ́n, kí o kúnlẹ̀ bá wọn sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀sẹ̀ 12 péré ni. Ẹ jẹ́ kí n máa rí wákàtí 2 lọ́sàn-án Sọ́ńdè." Nǹkan tó ní ìwọ̀n tó sì ní òpin máa ń rọrùn fún àgbà láti fọwọ́ sí.

Ìṣirò kò sí nínú JAMB rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń bi í nínú ìdánwò tiwọn, ibẹ̀ ni àwọn tó gbàgbé rẹ̀ ti ń ṣubú. Ó sì kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tiwa gan-an. Dókítà lè kọ míligíráàmù 75, kí oògùn tó wà nílẹ̀ jẹ́ 50 nínú mílílítà 1. Nọ́ọ̀sì ni yóò mọ̀ pé mílílítà 1.5 ni òun máa fà. Fi alẹ́ kan lọ́sẹ̀ sí ìdá àti ìpín.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, má ṣí orí-ọ̀rọ̀ tuntun. Tẹ slip ìdánwò rẹ jáde, lọ wo ibi tí sẹ́ńtà wà, kí o sì rán ẹ̀gbọ́n màmá rẹ létí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n lè wá ẹni tí yóò dúró ní ṣọ́ọ̀bù.