Kóòṣì tuntun ń tún ẹgbẹ́ kọ́: ṣé kí ọmọ mi dúró ni, àbí kó wọ pọ́tà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ń gba bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, ló gbà lọ, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n lé kóòṣì tó mú un lọ ní oṣù kẹta. Òmíràn ti dé, ọmọ 11 nínú àwọn 15 tó wà níbẹ̀ sì ti wọ ohun tí wọ́n ń pè ní transfer portal, níbi tí àwọn tó fẹ́ ṣípò lọ sí ilé-ìwé míì ń kọ orúkọ sí. Ojoojúmọ́ ni kóòṣì yìí ń kéde orúkọ ẹni tuntun tó ń bọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi ní kí òun náà tètè wọ pọ́tà kí àyè tó tán níbòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kóòṣì yìí ń ṣe gan-an? Ṣé kí ọmọ mi dúró ni, àbí kó lọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Mo ti ṣe igbákejì kóòṣì ní yunifásítì méjì ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni mo ti wà níbi tí a ti kó ẹgbẹ́ tó fọ́ jọ láti orí ọmọ mẹ́rin péré. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ọmọ yín má tíì wọ pọ́tà. Kó lọ jókòó ti kóòṣì tuntun lọ́sẹ̀ yìí, kó bi í pé iṣẹ́ wo ló ní fún òun. Kóòṣì tó ń tún ẹgbẹ́ kọ́ kì í wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Iṣẹ́ tó ṣófo ló ń wá ẹni sí. Tí èyí tí ọmọ yín mọ̀ ọ́n ṣe bá wà lára iṣẹ́ tó ṣófo, kí ló ń sáré lọ wá níbòmíì? Tí kò bá sì sí níbẹ̀, kó lọ, àmọ́ kó fi ètò lọ.

Mo mọ̀ pé ó bani lẹ́rù kí ọmọ 11 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Láyé ijọ́sí, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kí pọ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ọmọ tó bá fẹ́ ṣípò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-ìwé tó wà. Tó bá sì rí ọ̀nà lọ, ọdún kan gbáko ló sábà máa fi jókòó kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní ibi tuntun. Ní 2021, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gbà kí ọmọ ṣípò lẹ́ẹ̀kan láì jókòó. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 2024, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti dé ilé-ẹjọ́, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn pátápátá: iye ìgbà tó bá wu ọmọ ló lè ṣípò, bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ṣáà ti dúró dáadáa. Owó náà tún wọ ọ̀rọ̀ náà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje 2021, agbábọ́ọ̀lù lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NIL. Ní oṣù kẹfà 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí àwọn ilé-ìwé fúnra wọn máa san owó fún àwọn eléré ìdárayá wọn, tó lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún ilé-ìwé kan lọ́dún àkọ́kọ́, fún gbogbo eré ìdárayá lápapọ̀. Fún ilé-ìwé tó bá wà nínú àdéhùn náà, sìkọ́láṣíìpù 13 tí básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní tẹ́lẹ̀ di àyè 15.

Pọ́tà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Ìwé orúkọ ni, lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ yóò sọ fún ọ́fíìsì compliance ilé-ìwé rẹ̀, àwọn tó ń rí sí pípa òfin eré ìdárayá mọ́, pé òun fẹ́ lọ, wọ́n ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì láti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ìgbà náà ni àwọn kóòṣì ibòmíì tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá tí a ti ń ṣe é. Pátákó funfun kan wà lára ògiri, a fa àpótí 15 sí i, orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Kóòṣì àgbà kò kọ orúkọ kankan kún un lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ló ń kọ sínú àwọn àpótí tó ṣófo: ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn tí wọn ò ní já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀; géńdé tó máa dúró lábẹ́ irin; ẹni méjì tó lè ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jínjìn, kí alátakò má baà kóra jọ sórí géńdé wa; ẹni tí a máa yàn sọ́rùn agbábọ́ọ̀lù tó le jù lọ́dọ̀ alátakò. Nínú ọmọ 15, mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló máa ń gbá bọ́ọ̀lù déédéé, ìyẹn sì ni pé àpótí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi ẹni tí kò yẹ kún máa ń dun yín títí di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè: bí a ṣe ń to ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn.

A ò mọ èyí lọ́dún tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Ọmọ mẹ́ta la mú tó jẹ́ pé oníkálukú wọn ló ní póìǹtì jù níbi tó ti wá. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló wà. Mo rántí ìdánrawò kan ní oṣù kìíní: ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ pé kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀lù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó lójú, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò wọlé. Èyí tó na ọwọ́ dúró síbẹ̀. Kò sáré padà lọ ṣọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tó kù tó bá a wí. Àwa kóòṣì náà dákẹ́. Mo ṣì ń ronú kan ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí dòní.

Nígbà kejì, mo yí bí mo ṣe ń wo fídíò padà. Mo pa póìǹtì tì. Ohun tí mò ń wò ni ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ: ṣé ó sáré padà ni, àbí ó gbé ọwọ́ sókè sí adájọ́? Tí wọ́n bá pè é jáde, ṣé ó na ọwọ́ kí ẹni tó ń wọlé? Mo tún máa ń pe ẹni tó ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ ní ilé-ìwé tó ti ń bọ̀, nítorí kóòṣì lè fẹ́ tètè rọ ọmọ kúrò lọ́rùn, àmọ́ ẹni tó ń ṣa aṣọ nílẹ̀ lẹ́yìn eré kò ní ìdí láti tan mí jẹ.

Àpẹẹrẹ tó hàn sí gbogbo ayé ni ti yunifásítì Kentucky. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, John Calipari fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Arkansas, Mark Pope sì bá ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán. Ẹ wo bó ṣe kún un. Ó mú Lamont Butler láti San Diego State kó máa ṣọ́ àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù. Ó mú Amari Williams láti Drexel, géńdé tó mọ ìdènà tó sì tún mọ bọ́ọ̀lù pín. Koby Brea wá láti Dayton, ẹni tí jíjù rẹ̀ láti ọ̀nà jínjìn dá a yàtọ̀. Jaxson Robinson bá Pope wá láti BYU, torí pé ó ti mọ èdè rẹ̀, ó sì lè túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù. Otega Oweh, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wá láti Oklahoma. Nígbà tí Kentucky pàdé Duke ní oṣù kọkànlá ọdún náà, tí àmì sì dọ́gba ní ìparí eré, Oweh ló já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ Cooper Flagg ti Duke, wọ́n ṣẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní jíjù ọ̀fẹ́ méjì, ó sì ju méjèèjì wọlé. 77 sí 72 ló parí sí. Ẹgbẹ́ tí kò sí ní oṣù kẹrin yẹn borí eré 24 ní sáà náà, wọ́n sì dé ìpele ẹgbẹ́ 16 tó kù nínú ìdíje NCAA.

Ṣùgbọ́n ti yunifásítì Florida ni mo fẹ́ kí ọmọ yín wò dáadáa. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin 2025, wọ́n na Houston 65 sí 63 ní San Antonio, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ. Nínú àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ eré fún wọn, mẹ́rin ló ti ilé-ìwé míì wá. Gbogbo èèyàn ń sọ èyí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé kì í ṣe ọdún kan náà ni wọ́n dé. Will Richard ti wà níbẹ̀ láti 2022, Walter Clayton dé ní 2023, Alijah Martin àti Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà bíi ti yín, ló wá ní 2024. Kóòṣì wọn, Todd Golden, mú àwọn tó yẹ, ó sì rí i pé wọn ò lọ. Kóòṣì tuntun tó bá gbọ́n máa ń fẹ́ ẹni mẹ́rin tó kù nílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ: wọ́n mọ ilé-ìwé, wọ́n mọ àwọn olùkọ́, ó sì ti hàn pé wọn kì í ṣe ẹni tó ń sá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ọmọ yín wà lára mẹ́rin yẹn. Kó mọ̀ pé òun ní nǹkan lọ́wọ́.

Èmi ò sọ pé kò sẹ́ni tó yẹ kó lọ. Zuby Ejiofor, tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kò rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù ní Kansas. Ó ṣípò lọ sí St. John's ní 2023, ìlọ yẹn sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà kò ní ariwo. Kò tún wọ pọ́tà. Ní oṣù kẹta 2025, òun ló ju bọ́ọ̀lù ìkẹyìn tó fi borí Marquette bí àkókò ti ń tán lọ, ní ọdún tí St. John's gba ife Big East, líìgì tí wọ́n wà.

Tí ọmọ yín bá jókòó ti kóòṣì, kó má bi í pé “ṣé ẹ fẹ́ mi?” Kò sí kóòṣì tó máa sọ pé rárá sójú ọmọ. Kó bi í pé ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú òun, pé ṣé ẹni míì ṣì ń bọ̀ sí ipò yẹn, pé kí ni òun gbọ́dọ̀ tún ṣe kó tó di oṣù kẹjọ. Tí kóòṣì bá dárúkọ iṣẹ́ kan ní pàtó, kódà kó jẹ́ iṣẹ́ kékeré, ìyẹn ní ìtumọ̀. Tó bá jẹ́ pé “a fẹ́ràn rẹ, ìdílé ni wá” nìkan ló ń sọ, iṣẹ́ kò sí níbẹ̀.

Tó bá wá di pé kó lọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta gbọ́dọ̀ ti parí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé-ẹ̀rí tó ń kà lọ sí, ilé-ìwé tuntun ló sì máa ka iye tó ní. Ká ní kírédíìtì 120 ni ìwé-ẹ̀rí náà ń fẹ́, 48 ló gbọ́dọ̀ ní. Ó lè ní 60 lọ́wọ́ báyìí, kí ilé-ìwé tuntun gba 42 péré wọlé, ó sì lè má gbá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Kó gba ìdáhùn wọn ní kíkọ kó tó gbà láti lọ. Kó tún mọ̀ pé bí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ pọ́tà, ilé-ìwé tó wà lè dá sìkọ́láṣíìpù rẹ̀ dúró ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló ń wọ ibẹ̀ lọ́dọọdún, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ilé-ìwé míì ń pè.

Fèrèsé rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kó tó tì. Ọjọ́ 60 ni tẹ́lẹ̀, ó di 45, ó di 30 ní 2025, ó sì di 15 ní 2026. Àwọn tí kóòṣì wọn lọ máa ń ní fèrèsé tiwọn lọ́tọ̀. Kó béèrè ọjọ́ tí tirẹ̀ máa tì lọ́wọ́ ọ́fíìsì compliance lónìí, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí í-meèlì.

Ti físà ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí jù. Tó bá ṣípò, ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè níbi tó wà gbọ́dọ̀ gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú SEVIS, ìwé orúkọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń tọpa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, lọ sí ilé-ìwé tuntun, àwọn yẹn yóò sì fún un ní I-20 tuntun, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gbà á. Kó má fò ó. Owó tí wọ́n bá sì fi lọ̀ ọ́, kó má fọwọ́ sí i kó tó rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú, nítorí F-1 kò fàyè gba iṣẹ́ bó ṣe wù ú. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tó gbá bọ́ọ̀lù ní Kentucky, ní láti ṣe iṣẹ́ NIL tirẹ̀ ní Bahamas, lẹ́yìn òde Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹgbẹ́ wọn lọ síbẹ̀ ní 2022. Èjéǹtì tó bá ní “gbogbo wọn ló ń gbà á” kọ́ ni wọ́n máa dá padà sílé.

Mà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀ nílé ní ìsinmi yìí. Ní oṣù keje 2025, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, olóṣù mẹ́ta, ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wọ́n sì tún fún òfin náà pọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Tó bá jáde báyìí, ó lè má rí ọ̀nà padà wọlé. Ẹ jẹ́ kó dúró sọ́hùn-ún. Ó dùn mí láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn tó bá ti rí kóòṣì, ẹ kọ̀wé sí mi padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kóòṣì sọ gan-an, bó ṣe sọ ọ́. Kó fi fídíò eré mẹ́ta ránṣẹ́ kí n bá yín wò ó, kó má sì ṣa èyí tó ti ní póìǹtì jù. Àwọn tí wọ́n ti na wọ́n ni mo fẹ́.