Ìrókò tó ń hó lábẹ́ ìfági

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Pákó ìrókò ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn kan. Bí mo ṣe ń fi ìfági fá a, ibì kan ń dán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń hó. Mo yí pákó padà, ibi tó ń dán tẹ́lẹ̀ ló tún wá ń hó. Mo ti pọ́n abẹ débi pé ó ń fá irun ọwọ́ mi. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Abẹ yín kò jẹ̀bi. Bí ìrókò ṣe ń dàgbà, iṣan rẹ̀, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú igi, á lọ́ sápá kan fún ìgbà díẹ̀, á tún lọ́ sápá kejì. Ọ̀gànwó àti òpepe náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá là á, ìlà kan á kọjú síhìn-ín, èyí tó tẹ̀ lé e á kọjú sọ́hùn-ún. Ibi yòówù kí ẹ gbà fá a, ẹ ó ṣáà pàdé òdì iṣan.

Níbi òdì yẹn, abẹ á kọ́kọ́ wọ abẹ́ iṣan, á gbé e sókè bí ẹni ń bó èèpo, iṣan á wá já nísàlẹ̀ ojú pákó. Ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ kán kó tó gbéra lẹ ń wá, ó sì ti wà nínú ìfági yín: irin kejì tí bóòtù so mọ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé torí kí abẹ má baà gbọ̀n nìkan ló ṣe wà níbẹ̀, la ṣe ń fà á sẹ́yìn jìnnà.

Ẹ tú u. Ẹ gbé méjèèjì sí ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín wọn, ẹ fi irin náà ha òkúta ìpọ́nrin títí yóò fi jókòó pẹ́kípẹ́kí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ igi á máa há síbẹ̀. Ẹ pọ́n imú rẹ̀ kó ga, bí igun 50 dígírì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá sún un dé ibi tó ku nǹkan bíi mìlímítà 0.2 sí ojú abẹ, ìyẹn nínípọn bébà ìtẹ̀wé méjì. Ẹ má wá fún ẹnu ìfági, ìyẹn ihò tí igi tí ẹ fá ń gbà jáde, pọ̀, á dí.

Bó bá ti tọ́, ohun tó ń jáde kò ní ká mọ́, gbọọrọ ni yóò nà. Bó bá ń wún jọ bíi yẹ̀rì onípílíìtì àwọn ọmọléèwé, irin ti sún mọ́ jù. Títì á le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ fi àbẹ́là pa ìdí ìfági, kẹ́ ẹ sì máa fá a fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún òkúta inú ìrókò o! Òkúta gidi ni mo ń wí, ibi tí igi bá ti dúdú ju ìyókù lọ ló sábà máa ń sá sí. Tó bá ti kan abẹ, eyín abẹ ti ká nìyẹn. Ẹ padà sí ìpọ́nrin.

Àwọn kan máa ń pọ́n ẹ̀yìn abẹ níbi tó tẹ́jú, ní igun 15 dígírì, kí igun 45 dígírì tí abẹ fi dúró nínú ìfági lè di 60. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ abẹ mìíràn ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, torí wàhálà ni kéèyàn tó pọ́n ọn padà sí bó ṣe wà.

Ní ti àfọ́kù dígí tá a fi ń họ ibi tó bá ṣì ṣá, mi ò bá yín jà lórí etí ilẹ̀kùn. Lójú pákó fífẹ̀, kòtò ló ń gbẹ́, fáníìṣì á sì tú àṣírí rẹ̀.